Dáínósọ̀ Onírùngbọ̀n

Irùngbọ̀n ni Mùínàt kọ́kọ́ rí. Ó funfun báláú, ó gùn tó apá ọmọdé, ó sì rọ̀ láti àgbọ̀n ẹranko ńlá kan tó gba ògiri kíláàsì rẹ̀ láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga kan dúró lórí àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irùngbọ̀n náà, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ní iwájú orí, ọ̀dà pupa létí. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ya irun náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá ẹranko náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fá orí fún bàbá ìyàwó.

"Ẹ rọra o, Bàbá," ló ń wí. "Ó ku díẹ̀. Ẹ ó rẹwà dáadáa."

Mùínàt fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ó rí ọmọbìnrin kúkúrú kan tó wé gèlè aláró, tó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì mọ́ àyà, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ó gbàgbé pé orí àkàbà lòun wà. Díẹ̀ ló kù kó já lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà àti gbogbo ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Mùínàt wí nígbà tó rí èémí mí. "Ẹ jọ̀ọ́, irú dáínósọ̀ wo ló ń dá irùngbọ̀n sí?"

"Èyí tó gbọ́n ni, Àǹtí tíṣà. Hẹ́dímásítà ní kí n ya èyí tó gbọ́n jù nínú wọn. Mo wo àwòrán tí wọ́n fún mi títí, mi ò mọ èyí tó gbọ́n, mi ò mọ èyí tó gọ̀. Mo bá mú èyí tó tóbi jù, mo fi irùngbọ̀n sí i. Ọmọ wo ló máa rí irùngbọ̀n funfun tí kò ní mọ̀ pé àgbà ọlọ́gbọ́n nìyí?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló fẹ́ dá Tájù, ọkùnrin orí àkàbà yìí, lẹ́bi? Ìbẹ̀jú ni wọ́n bí i sí. Níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ bá funfun jù ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé àwọn ẹranko ayé àtijọ́ kò tẹ̀lé òfin yẹn.

Ọdún 1983 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀sà ní Ajah. Ọ̀gbẹ́ni Odùbánjọ, hẹ́dímásítà ibẹ̀, fẹ́ kí ògiri kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Mùínàt fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya dáínósọ̀ tó gbọ́n jù sí ti òun, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé títóbi kọ́ lọgbọ́n. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọjọ́ díẹ̀, ìgbà tó sì máa padà dé, irùngbọ̀n ti hù.

"Èyí tí ẹ yà yìí," ni Mùínàt wí, "ó tóbi ju tírélà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kéré gan-an sí irú ara bẹ́ẹ̀. Èyí táwọn onímọ̀ sọ pé bóyá òun ló gbọ́n jù, kò ju kó ga tó àyà yín lọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gùn ju ìrù rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ tóbi, iwájú ló kọ sí bíi tiwa. Ọwọ́ rẹ̀ lè di nǹkan mú. Ọpọlọ rẹ̀ pọ̀ sí ara rẹ̀, ó sún mọ́ ti ògòǹgò."

Tájù sọ̀kalẹ̀ wá. Ó wo Mùínàt láti òkè dé ilẹ̀, kò sì pẹ́ kó tó débẹ̀.

"Ohun tí ẹ ń sọ ni pé àwa gíga, òfìfo lorí wa?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Àwọn onímọ̀ ni."

"Ẹ̀yin kúkúrú lẹ wá kó gbogbo ọgbọ́n lọ?"

"Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

Tájù ló rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kí ẹranko ńlá náà dúró síbi tó wà, kí Tájù kàn fá irùngbọ̀n rẹ̀, kó wá ya kékeré ọlọ́gbọ́n síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Tájù fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é, àwọn ọmọ kíláàsì náà sì mọ ìdí rẹ̀ kí àwọn olùkọ́ tó mọ̀.

Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, Mùínàt á jókòó sórí tábìlì, á máa ṣàlàyé, Tájù á máa yà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín wá. Lọ́jọ́ kejì, Tájù gbé àgbọn tútù méjì wá, ó ti bẹ́ orí wọn. Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" kúrò láàárín wọn, "o" wọlé, kò sì sí ẹni tó rántí ọjọ́ tó wọlé.

"Ṣé gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa ẹ̀ ni 'bóyá'?" ni Tájù bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń rìn létí ọ̀sà. "Bóyá ó gbọ́n. Bóyá alẹ́ ló ń ṣọdẹ. Bóyá ó máa ń tọ́jú ọmọ rẹ̀."

"Ẹni tí kò bá fẹ́ parọ́ ló ń sọ 'bóyá'."

Tájù yíjú sí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi kan ń bọ̀ láti Bàdóre, àwọn obìnrin inú rẹ̀ ń fi aṣọ nu omi ọ̀sà lójú.

"Mùínàt, ṣé o nífẹ̀ẹ́ mi?"

"Bóyá."

"Bóyá báwo?"

"Bíi ti àwọn onímọ̀. Wọ́n ti rí ẹ̀rí, ẹnu ni wọ́n ń ṣọ́."

"Ẹ̀rí wo lo rí?"

"Ìwọ tí ọ̀dà kì í kúrò létí rẹ, o ti ń fọ etí kí o tó wá síbí báyìí."

Ìfẹ́ Mùínàt gba Tájù lọ́kàn lọ́jọ́ náà, kò sì tún fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti rí i rí kò nílò kí n ṣàlàyé, ẹni tí kò bá sì tíì rí i, ṣe ni kó ní sùúrù.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Tájù mú àbúrò bàbá rẹ̀ dání, ó di ilé àwọn Mùínàt. Bàbá Mùínàt ni Àfáà Yẹ̀kínì Odùkọ̀yà, igbákejì lémọ́ọ̀mù mọ́sáláṣí àdúgbò, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń dẹ àwọ̀n sínú ọ̀sà kí Ajah tó ní títì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Àfáà. Ó fi omi tútù lọ̀ wọ́n, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ Mùsùlùmí láti ìlú tí kò jìnnà ni Tájù. Ìyá Mùínàt, Ṣùkúrátù, ti ń to abọ́ oúnjẹ lẹ́yìnkùlé.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Ayàwòrán ni mí, sà."

"Àwòrán kí ni?"

"Kìnnìún, ẹyẹ idì, èèyàn. Èmi ni mo ń yà á sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ti ara ògiri ilé-ìwé yẹn, èmi náà ni, sà."

Àfáà gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ kalẹ̀ lórí ẹní. Kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí à ń sọ, fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n yà fún Àfáà láyé rẹ̀, ti ìwé ìrìn-àjò Mẹ́kà ni. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó tún tọrọ rẹ̀ nígbà tó dìde.

"Tájù," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá, "ojú rẹ wù mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ọjọ́ ìdájọ́, wọn á ní kó mí ẹ̀mí sí i. Ta ló lè ṣe é? Mi ò lè fa ọmọ mi lé ọkùnrin tí ìbéèrè yẹn ń dúró dè. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi."

Oúnjẹ tí Ṣùkúrátù tò sínú abọ́ kò jáde. Mùínàt jókòó sí ilé ìdáná, ó ń sunkún sínú ìborùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í.

"Bàbá rẹ ò kórìíra ọmọ náà," ni Ṣùkúrátù sọ. "Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù tìẹ ló ń bà á."

Ìyẹn gan-an ló dun Mùínàt jù. Ó fẹ́ràn Tájù, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbé sọnù nínú wọn. Tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ òǹrorò, ì bá ti mọ ohun tó máa ṣe.

Kàsímù káfíńtà, ọ̀rẹ́ Tájù, ní tirẹ̀ kò rí ohun tó le níbẹ̀. "Ọ̀rẹ́, sọ fún Bàbá pé o ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Sọ pé lẹ́tà nìkan lò ń kọ sára ọkọ̀ báyìí. Tí o bá ti gbé ìyàwó délé, o tún gbé kìnnìún rẹ. Ta ló fẹ́ tẹ̀lé ẹ dé gáréèjì Ọbáléńdé lọ wò ó? No wàhálà."

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, Kàsímù."

"O ti fẹ́ pòwe fún mi."

"Ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà. Mi ò lè fi irọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí n wá máa dọ̀bálẹ̀ fún un ní gbogbo ọdún Iléyá."

Tájù ro ó títí, ó pinnu láti fi àwòrán sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Mùínàt dé ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá a nínú kíláàsì pẹ̀lú garawa ẹfun. Ìrù ẹranko ńlá náà ti di funfun. Tájù tún ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọnú garawa.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń pa á rẹ́. Nítorí rẹ ni, olólùfẹ́ mi."

"Ta ló rán ẹ?" Ohùn Mùínàt ga ju bó ti fẹ́ kó ga lọ. "Ṣé mo sọ fún ẹ pé kí o pa nǹkan kan rẹ́ nítorí mi? Ọkùnrin tó ń bá ẹranko sọ̀rọ̀ lórí àkàbà ni mo fẹ́ràn. Tí o bá pa ìyẹn rẹ́ lónìí, ta ló kù tí màá fẹ́ lọ́la?"

"Bàbá rẹ ńkọ́? Tí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé wàá kọ bàbá rẹ nítorí mi?"

Mùínàt kò lè kọ bàbá rẹ̀, Tájù náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mùínàt gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọnú garawa, ó yí padà, ó gba ilé lọ láìbọ́ báàgì léjìká.

Ó bá Àfáà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ò tíì wo àwòrán yẹn rí. Ẹ máa ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó wá gbé ojú kúrò. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní òwe kan. Ẹ ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá..."

Ó dákẹ́ síbẹ̀, nítorí ọmọ tó bá mọyì ara rẹ̀ kò ní parí òwe yẹn sójú bàbá rẹ̀. Àfáà gbé àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àgbà òṣìkà ni," ni Àfáà parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ó dáa. Màá wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán."

Ó sì wá. Tájù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹfun tó dà sílẹ̀. Àfáà ní kó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró síwájú kékeré ọlọ́gbọ́n náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì tó wọ mọ́sáláṣí.

"Níbo ni nǹkan yìí wà báyìí?"

"Ó ti kú, Bàbá," ni Mùínàt dáhùn. "Irú rẹ̀ ti kú tán kí èèyàn tó dé ayé."

"Ta ló wá rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i."

"Ẹ wá ní ó gbọ́n."

"Bóyá la wí, Bàbá. Wọ́n rí agbárí rẹ̀ nínú ilẹ̀. Wọ́n wọn ihò tí ọpọlọ ń gbé, wọ́n fi wé bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó. Tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn."

Àfáà gbé ọwọ́ sókè, ó fi tẹ orí ara rẹ̀ wò lórí fìlà. Mùínàt rí i, ó sì yára wo ilẹ̀.

"Tájù, níbo lo ti rí àwọ̀ ewé yìí?"

"Lára alángbá, sà."

"Ìpéǹpéjú yìí ńkọ́?"

"Ti ewúrẹ́ Hẹ́dímásítà ni mo wò yà, sà."

"Háà." Àfáà mi orí. "Eegun ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa. Ìwọ wá lọ yá ìpéǹpéjú ewúrẹ́ kún un."

Ẹ̀rín gba ẹnu Mùínàt lọ. Àfáà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tètè kó o jọ.

"Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń rò. Eegun kò lẹ́mìí. Ẹni tó bá ya eegun, ohun tí ojú rí ló yà. Jíjí eegun dìde, iṣẹ́ Ọlọ́run nìkan ni, kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni o. Mo máa lọ bi àwọn àgbà àfáà ní Ẹ̀pẹ́. Ní tìẹ, Tájù, ṣé o lè fi àwọ̀ àti ojú sílẹ̀, kí o ya eegun? Ṣé o lè fi kìnnìún sílẹ̀, kí o máa ya ọkọ̀, ọ̀sà, igi? Má tan mí. Tí kò bá ṣeé ṣe, sọ."

Tájù wo ògiri náà pẹ́. "Kìnnìún á dùn mí, sà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Nígbà tí Mùínàt kọ́kọ́ sọ fún mi nípa agbárí yẹn, òun gan-an ló wù mí láti yà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yà á ni. Tí mo bá kọ́ ọ, sà, ṣé kò ní jẹ́ èèwọ̀ fún mi?"

Ìdáhùn yẹn wọ Àfáà lára ju gbogbo ìbẹ̀bẹ̀ lọ, torí pé Tájù kò fi ti kìnnìún pa mọ́.

Tájù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eegun. Ó ń ra orí ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin etí ọ̀sà, ó ń sè é, ó ń ṣí i wò. Ó ṣa agbárí òkú ẹyẹ jọ, ó ń tò ó sórí tábìlì Mùínàt. Ṣùkúrátù ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kiri àdúgbò: "Àna mi ò jẹ ẹja o, ó ń wo inú orí ẹ̀ ni!" Kò tíì sí ẹni tó fún Tájù láya, Ṣùkúrátù ti ń pè é ní àna.

Díẹ̀díẹ̀, eegun funfun jáde lára ògiri: ìhà, ìka tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè di nǹkan mú, agbárí tí ihò ojú rẹ̀ tóbi. Tájù fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà pupa yí ibi tí ọpọlọ ti gbé ká. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ bínú pé wọ́n pa ẹranko àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sún mọ́ ọn.

Àfáà padà dé láti Ẹ̀pẹ́, kò sọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwé ní òun nìkan, ó wo ògiri, ó padà sílé, ó ní kí àwọn ará Tájù wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ilé kún fún ayọ̀. Tájù nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí Àfáà kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lórí ọ̀rọ̀ eegun náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìgì, kí àwọn èèyàn tó pé, Àfáà pe àwọn méjèèjì sí yàrá rẹ̀. Mùínàt ti wọ aṣọ funfun, làálì ṣì tutù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tájù kúnlẹ̀ tì í, wọn kò sún mọ́ra jù.

"Mo bi àwọn àgbà mẹ́rin léèrè ní Ẹ̀pẹ́," ni Àfáà wí. "Àwọn méjì ní kò léèwọ̀. Àwọn méjì ní kí n ṣọ́ra. Wọ́n wá dá ọ̀rọ̀ náà padà sí mi lọ́wọ́. Mo ti gbàdúrà sí i ní ọ̀pọ̀ òru. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Mo rò pé mo gbà á, kò dá mi lójú tán."

Mùínàt gbé ojú sókè. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó di ọwọ́ Tájù mú níwájú bàbá rẹ̀. Àfáà rí ọwọ́ náà, kò bá wọn wí.

"Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tí kò mọ̀ ló ń béèrè. Tó bá ti béèrè, tó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó ti bọ́ lọ́rùn tirẹ̀, ó ti di ọrùn ẹni tó dáhùn. Tájù, o bi mí léèrè, o ò tàn mí. Mo dá ọ lóhùn lónìí: máa ya eegun rẹ. Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ tí wọ́n bá bi ọ́, má ronú, má wá ọ̀rọ̀ kiri. Sọ pé Yẹ̀kínì Odùkọ̀yà, bàbá ìyàwó mi, ló ní kí n yà á." Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn ara rẹ̀. "Ó ti di ọrùn mi."

Àfáà tó bẹ̀rù fọ́tò ìwé ìrìn-àjò ni o, ẹni tó ń tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mejì nítorí kámẹ́rà. Mùínàt wó lé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó dì í mú, ó ń sunkún bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Tájù na ara rẹ̀ gbalaja sórí ẹní, ó dojú kọlẹ̀, kò dìde.

Níta, wọ́n ń ké sí Àfáà pé lémọ́ọ̀mù ti dé.

"Dìde, ọmọ mi," ni Àfáà sọ fún un, ó sì fa apá rẹ̀. "Dìde, ká lọ so yín pọ̀."